Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé wọ́n omi sí ẹ̀pà! Àwọn àṣìṣe tó ń ba ọjà ẹ̀pà jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kówó lé bísínẹ́ẹ̀sì ẹ̀pà, yálà ẹ fẹ́ lọ gbé e ní ọjà Dawanau ní Kano ni o, àbí ẹ fẹ́ gbìn ín fúnra yín ní Òkè-Ògùn, omi lẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rù.

Àwọn kan máa ń wọ́n omi sí ẹ̀pà kí wọ́n tó bó o, wọ́n ní kí hóró má baà fọ́, òótọ́ sì ni, kì í fọ́ púpọ̀, àwọn mí ì tiẹ̀ ń ṣe é kó lè wúwo lórí ìwọ̀n ni (ẹ̀yin náà mọ ara yín), ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti rọ ẹ̀pà tútù sínú àpò, ooru á mú un, á wá bu. Ohun tó bu yẹn ló ń mú oró kan tí wọ́n ń pè ní aflatoxin jáde, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Ẹ má sọ pé ẹ máa yan án, pé iná á pa á. Iná ò lè pa gbogbo ẹ̀ tán.

Ti kúlíkúlí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ṣa ẹ̀pà tán, èyí tó dáa á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yan án sínú ìgò, èyí tó dúdú, tó hunjọ, tó ti bu, wọ́n á tà á ní pọ́ọ́kú fún àwọn tó ń fún òróró, wọ́n ṣáà ti máa lọ̀ ọ́, ta ló máa rí i? Oró yẹn kì í sì fi bẹ́ẹ̀ bá òróró lọ o, inú èyí tó ṣẹ́ kù ló ń jókòó sí, òun náà la fi ń ṣe kúlíkúlí tá a fi ń mu gàrí, òun náà ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìyẹ. Bí wọ́n ṣe rí aflatoxin gan-an nìyẹn, lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wádìí títí, àfi oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà Brazil ṣe. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣà jáde, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, owó ni, àmọ́ ẹ dà á nù.

Tẹ́ ẹ bá wú ẹ̀pà lóko, ẹ má sá a sórí ilẹ̀ lásán, ẹ tẹ́ tapólì, kó gbẹ títí táá fi máa dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú èèpo. Àpò ọ̀rá ò dáa tó irú èyí tí wọ́n ń kó kòkó sí, ẹ sì fi pákó sábẹ́ ẹ̀, sìmẹ́ńtì máa ń fa omi.

Tẹ́ ẹ bá sì ń ra ẹ̀pà eléèpo, èyí tí wọn ò tíì bó, ẹ ṣírò dáadáa, nínú 100 kílò, bíi 25 sí 30 lè jẹ́ èèpo lásán. Ẹ má wo ẹnu àpò nìkan, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó èyí tó rẹwà sí, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀, tó bá ń gbóná mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.