Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíyan Ìkọ́ Fifth Wheel fún Tírélà Onílé

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi píkọ́ọ̀pù fa tírélà onílé kúrò ní Àbújá lọ sí Jọ́ọ̀sì tàbí Bàúchì, yálà fún ìgbafẹ́ tàbí fún ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́ lóko, sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ìkọ́ fifth wheel (ìkọ́ tí a ń dè sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù láti fi gbá imú tírélà mú) tí ó lágbára jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìkọ́ kì í fi kún agbára ọkọ̀: bí ẹ bá gbé ìkọ́ tí ó lè fa tọ́ọ̀nù 10 sórí ọkọ̀ tí kò lè fa ju tọ́ọ̀nù 3 lọ, tọ́ọ̀nù 3 náà ni ẹ ní.

Ẹ kọ́kọ́ wo imú tírélà náà. Èyí tí a ń fi bọ́ọ̀lù so mọ́ abẹ́ bọ́ńpà kò bá fifth wheel mu rárá. Èyí tí ó bá a mu ni èyí tí imú rẹ̀ ga, tí ó nà wá sórí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí irin roboto oní-íǹṣì 2 tí a ń pè ní kingpin sì yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Lójú tèmi, àṣìṣe tí ó léwu jù ni ti ìwúwo. Àwọn olùtajà sábà máa ń dárúkọ ìwúwo tírélà nígbà tí ó ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń rìn ní Òkè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láìgbé omi dání. Omi lítà 300 nínú táǹkì jẹ́ kílò 300, kí a tó ka jẹnẹrétọ̀, gáàsì àti oúnjẹ. Nínú gbogbo ìwúwo yìí, ìdá 15 sí 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó máa ń wá sórí píkọ́ọ̀pù. Bí tírélà bá wọn kílò 5,000, tí a sì mú ìdá 20, kílò 1,000 ti jókòó sórí ọkọ̀ nìyẹn, kí awakọ̀, ìdílé rẹ̀ àti ìkọ́ fúnra rẹ̀ tó wọ inú ìṣirò. Hilux tí ó kún ìgboro wa kò gbé ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1 lọ, nítorí náà ẹ má fi irú tírélà bẹ́ẹ̀ lọ̀ ọ́. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ ka ìwé tí a lẹ̀ mọ́ òpó rẹ̀ láti mọ ẹrù tí ọkọ̀ yín lè gbé kí ẹ tó náwó. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé pọ́ùn ni wọ́n fi ń kọ agbára ìkọ́ tí ó ti Amẹ́ríkà wá: èyí tí a kọ 16,000 sí lára jẹ́ nǹkan bí kílò 7,257 péré.

Bí alájórin kan, ì báà jẹ́ ní Apo tàbí ní Zuba ní agbègbè Àbújá, bá ní òun yóò jó ìkọ́ ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ píkọ́ọ̀pù yín, ẹ kọ̀ fún un. Ìkọ́ bẹ́ẹ̀ wúwo jù, gíga rẹ̀ kò bá ti tírélà onílé mu, iná ìjórin sì lè sọ irin ṣáàsì di ẹlẹgẹ́. Bóòtì tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ ni kí a fi dè é mọ́ ṣáàsì. Páánù ẹ̀yìn ọkọ̀ kò lè dá ẹrù náà gbé.

Bí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù bá kúrú, ìkọ́ tí ó lè sún sẹ́yìn ni kí ẹ rà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ imú tírélà lè fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn awakọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà híhá. Ẹ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sílẹ̀ láàárín etí píkọ́ọ̀pù àti abẹ́ tírélà, nítorí àwọn kòtò ọ̀nà wa. Ìkọ́ tí orí rẹ̀ ń tẹ̀ síwá-sẹ́yìn nìkan kò tó fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀; èyí tí ó ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú ni kí ẹ mú. Eruku ọyẹ́ a máa pò mọ́ gírísì títí yóò fi máa rin irin bí ayùn, nítorí náà ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó fi tuntun sí i.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìró tí ẹnu ìkọ́ ń dún nígbà tí ó bá pa dé. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó bóyá ó gbá kingpin mú nítòótọ́ tàbí kingpin kàn jókòó sórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì tírélà, kí ẹ rọra fà á síwájú kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Okùn bíréèkì pàjáwìrì, èyí tí ń mú kí bíréèkì tírélà mú bí tírélà bá já kúrò lára ọkọ̀, ńkọ́? Ara ọkọ̀ ni kí ẹ so ó mọ́, kì í ṣe ara ìkọ́, nítorí bí ìkọ́ bá tú kúrò lórí ọkọ̀, okùn tí a so mọ́ ọn yóò bá a lọ, bíréèkì tírélà kò sì ní mú.