Bí mo ṣe lọ gé igi nínú igbó kan ní Wales

Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé mò ń lọ gé igi lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n wá ní, "Ṣé wọ́n ti dá ẹ dúró níbi iṣẹ́ ni?" Mo ní rárá o, wọn ò tiẹ̀ ní í san kọ́bọ̀ fún mi, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni. Ìyẹn ló wá bà wọ́n lẹ́rù jù.

Newport ni mò ń gbé, ní gúúsù Wales. Ẹ̀gbọ́n kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, máa ń tẹ̀ lé àwọn kan lọ tún igbó ṣe nítòsí Tintern lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Wọ́n ní, "Tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ kan, kó o lọ sinmi ariwo." Oṣù kejì ọdún ni, òtútù ń gún ni bí abẹ́rẹ́. Mo bá wọn lọ.

Kò tó ìdajì wákàtí tí ọkọ̀ ojú irin fi gbé wa dé Chepstow, tí àwọn ará Wales ń pè ní Cas-gwent. Ibẹ̀ la ti wọ bọ́ọ̀sì tó ń bá etí odò Wye lọ. Ọ̀nà tóóró ni, ó ń lọ́ bí ejò, wọ́n sì kọ ARAF gàdàgbà sójú títì níbi tó bá ti burú: "rọra" ni ìtumọ̀ ẹ̀. Mo fẹ́ràn àwọn pátákó wọn. Èdè méjì ló ń wà lára wọn, Tintern tún ń jẹ́ Tyndyrn, àní wọ́n ń dé fìlà fún fáwẹ̀lì bí àwa náà ṣe ń fi àmì sórí tiwa. Tŷ ni ilé, coed sì ni igbó. Ó dùn mọ́ mi, ó sì tún dùn mí, torí mo rántí pátákó ọ̀nà tiwa nílé.

Tintern ò ju abúlé lọ. Àwókù ilé ìjọsìn ńlá kan wà létí odò níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1131. Kò ní òrùlé mọ́, àmọ́ ògiri ẹ̀ ṣì ga fíofío. Òdìkejì odò ti di ilẹ̀ England. Ẹ̀yìn abúlé ni òkè ti dìde, igbó ló sì bò ó: oak, ash, beech, lime (kì í ṣe ti ọsàn wẹ́wẹ́ o), àti hazel tá a torí ẹ̀ wá. Ewé ò sí lórí ẹ̀ka kankan. Tó o bá dúró díẹ̀, wàá máa gbọ́ mímí ara ẹ. Wọ́n fi ọ̀dà sàmì sára àwọn igi ash kan, wọ́n ní ká má sún mọ́ wọn, torí àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Britain lọ́dún 2012 ti jẹ wọ́n nínú, wọ́n lè wó nígbàkigbà.

Bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń darí wa. Ó ní ká máa pe òun lórúkọ, àmọ́ ẹnu mi kọ̀ ọ́. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n ń pè é ní Bàbá Igbó láàárín ara wa.

Bàbá Igbó mú wa lọ sídìí hazel kan. Ká sòótọ́, mi ò rí igi níbẹ̀. Ọ̀pá bíi 15 ni mo rí tó jọ hù láti ojú kan náà, òmíràn tó ọrùn ọwọ́, òmíràn tó itan ọmọdé, gbogbo wọn dúró bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n da orí ẹ̀ sókè. Iṣẹ́ wa ni ká gé gbogbo ẹ̀ pátá, kó ku kùkùté. Coppicing ni wọ́n ń pè é. Ó ní hazel tí wọ́n bá fi sílẹ̀ máa ń gbó, á sì kú láàárín bí ọgọ́rin ọdún, àmọ́ èyí tí wọ́n ń gé lóòrèkóòrè lè lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e, kí ẹyẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìtẹ́.

Ká tó fọwọ́ kan ayùn, a kọ́kọ́ fi ọwọ́ tu ẹ̀gún àti ewé tó wà nídìí ẹ̀, jẹ́jẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tá ò fi lo ọkọ́. Ó ní eku kan ń sùn níbẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù. Dormouse lorúkọ ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pathew lédè Wales. Kò ju àtàǹpàkò lọ, àwọ̀ ẹ̀ dà bí oyin, òfin ìlú sì ń dáàbò bò ó. Ó ṣa èso hazel kan láàárín ewé rírà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Òfìfo ni. Ihò róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, etí ihò náà ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ fá a. Ó ní tó bá jẹ́ pé ọ̀kẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ́, ṣe ni ì bá là á sí méjì. Tó bá jẹ́ eku igbó lásán, àpá eyín ì bá dábùú etí ihò náà. Ẹni tó fá a báyìí, dormouse ni. Mo tọ́jú èso náà sápò, ó ṣì wà lórí tábìlì mi.

Ọ̀pá àkọ́kọ́ dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo ti di àdá mú kí n tó di bírò mú. Mo ki ayùn bọ̀ ọ́ láti òkè, mò ń fà, mò ń tì. Kó tó já tán ló wó, fàà! Ó fa èèpo ìdí ẹ̀ ya títí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ọmọ Ìsẹ́yìn, igi lèyí o, kì í ṣe òwú òfì." Bàbá Igbó ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka tọ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní ibi tí omi máa gbà wọlé nìyẹn.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é ni pé kí n kọ́kọ́ gé ọ̀pá náà jìnnà sílẹ̀, níbi àyà mi, kó lè fúyẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí n wá sọ̀ kalẹ̀ síbi kùkùté: kí n fi ayùn gé e wọlé díẹ̀ lápá ibi tó dà sí, kí n tó wá gé e já láti òdìkejì. Kùkùté ò gbọ́dọ̀ ga ju ìbú ọwọ́ lọ, kí ojú ẹ̀ sì dà síta, kí òjò má bàa dúró láàárín. Ó ní kí n tún mẹ́ta gé nínú tèmi. Mo tún un gé.

A tò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn tó nípọn fún ọgbà, àwọn tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń gbin ẹ̀wà. Ẹ̀ka wẹ́wẹ́ la kó bo kùkùté, kí àgbọ̀nrín má bàa jẹ ọ̀mùnú ẹ̀.

Lọ́sàn-án, a jókòó síbi pẹrẹsẹ kan lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà. Mò ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, Bàbá Igbó ń jẹ búrẹ́dì. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà ha ilẹ̀, ilẹ̀ náà dúdú kirikiri. Ibi tí wọ́n ti ń sun èédú láyé àtijọ́ la jókòó sí. Ọdún 1566 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ wáyà sílẹ̀ ní Tintern, wọ́n sì ń fi wáyà ibẹ̀ ṣe ìyarun irun àgùntàn. Èédú inú igbó yìí ni iléeṣẹ́ irin ibẹ̀ ń jẹ, ó sì lé ní 200 ọdún tó fi ń jẹ ẹ́. Mo gbójú sókè wo igbó. Ó ṣì wà. Wọ́n pín in sí ọ̀nà-ọ̀nà, wọ́n ń gé apá kan lọ́dún yìí, apá mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí wọ́n tó yí dé ti àkọ́kọ́, ó ti tún tó gé.

Ọkàn mi lọ sílé. Ní Òkè-Ògùn tiwa, àpò èédú máa ń tò lọ bí ilé lẹ́bàá ọ̀nà, títí kan èédú igi ẹ̀mí, igi tó yẹ kó máa so òrí fáwọn ìyá wa. A kì í dúró de kùkùté. Ó bí mi nínú, jọ̀lọ́ọ̀fù náà ò dùn mọ́ lẹ́nu mi.

Mo ròyìn gbogbo ẹ̀ fún bàbá mi lálẹ́. Wọ́n ní, "Ṣebí bí tíìkì ẹ̀yìn ilé wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti gé ti ìdí kànga yẹn, tó tún ń hù? Èló lo wọkọ̀ lọ kọ́ èyí?" Mi ò lè dá wọn lóhùn.

A padà lọ lóṣù kẹsàn-án. Ọ̀mùnú ti ga dé àyà mi, ó gún régé, ewé ẹ̀ fẹ̀. Èyí tí mo fà ya náà hù, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan péré ló ti hù. Ọ̀kan tó wà létí ọ̀nà ni àgbọ̀nrín ti jẹ mọ́lẹ̀, ó kù bí orín tí wọ́n ti run. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa: èyí tí mo sáré bò nígbẹ̀yìn ni, torí bọ́ọ̀sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Bàbá Igbó wò mí, ó na ọwọ́ sí òkìtì ẹ̀ka gbígbẹ. Mo kó o wá, mo ń ki wọ́n bọ inú ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀sì wa lọ. A dúró de ìkejì.