Bí ẹ ṣe lè fi ìṣirò wá èrè inú òwò aláìní-ìdènà láàrin orílẹ̀-èdè méjì

Bí ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé fún ọlọ́jà kan ní Àgbádárìgì ìdí tó fi yẹ kí ọjà máa gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, tó wà láàrin Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, kọjá láìsí ìdènà, ìṣirò ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, bí àwọn ará òdìkejì bá mọ gbogbo iṣẹ́ ṣe jù wá lọ, kí ló kù tí a óò tà fún wọn? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn.

Ẹ mú ọjà méjì péré. Èmi yóò mú àgbọn, tí a mọ Àgbádárìgì mọ́, àti ọ̀pẹ̀yìnbó, tí a mọ agbègbè Àládà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo lò. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Ká ní lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní Àládà lè kórè ọ̀pẹ̀yìnbó 60, tàbí kí ó fi irin ṣóńṣó bó èèpo àgbọn 40, nígbà tí obìnrin tó ń tajà ní ọjà Àgbálátà ní Àgbádárìgì lè kórè ọ̀pẹ̀yìnbó 20, tàbí kí ó bó àgbọn 30. Ará Àládà ló yára jù nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ibí yìí ló ti yẹ kí ẹ fara balẹ̀. Ẹ má ṣe wo ẹni tó yára jù. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń pàdánù ni kí ẹ wò. Àkókò tí ará Àládà fi ń bó àgbọn kan, ì bá ti fi kórè ọ̀pẹ̀yìnbó kan ààbọ̀. Ti Àgbálátà kì í tilẹ̀ pàdánù odindi ọ̀pẹ̀yìnbó kan. Bí wọ́n bá wá ń fi àgbọn kan gba ọ̀pẹ̀yìnbó kan, ará Àgbálátà yóò bó àgbọn 30, yóò sì gba ọ̀pẹ̀yìnbó 30 dípò 20 tí ì bá fọwọ́ ara rẹ̀ kórè. Ará Àládà náà yóò fi iṣẹ́ ààbọ̀ ọjọ́ rí àgbọn 30 tí ì bá gbà á ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjọ́. Òun tó yára jù pàápàá jèrè! David Ricardo, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi irú ìṣirò yìí hàn ní ọdún 1817.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣírò owó bodè àti ọjọ́ tí ọkọ̀ fi dúró. Bí ìdènà bá gba ọ̀pẹ̀yìnbó 10 nínú 30 náà, èrè ará Àgbálátà ti tán, kò sì sí ìdí tí yóò fi tún rán àgbọn sọdá. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà sì ti ẹnubodè pa láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, òwò tó bófin mu kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ráyè kọjá.

Ẹ má ṣe fi ẹni tó pàdánù pamọ́. Ẹni tó ń gbin ọ̀pẹ̀yìnbó lọ́dọ̀ wa yóò rí i pé owó ọjà òun wálẹ̀, ìnira rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Lójú tèmi, ó sàn kí ìjọba ràn án lọ́wọ́ ní tààrà láti yí iṣẹ́ padà ju kí gbogbo ẹni tó ń rajà máa san owó gegere lọ́dọọdún nítorí rẹ̀.

Paríparí rẹ̀, ẹ wo ohun tí òfin gbà. Lábẹ́ ètò òwò ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, irè oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn àti iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tó wá láti orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ san owó bodè, wọn kò sì nílò ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti wá. Ọjà ilé-iṣẹ́ nílò ìwé yẹn. Nítorí náà, kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ mọ ìsọ̀rí tí ẹrù yín wà: àgbọn tútù lè lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ kó òróró àgbọn tí ilé-iṣẹ́ ṣe kọjá tètè lọ gba ìwé tirẹ̀.