Bí mo ṣe mú ayédèrú MOSFET tó ń jó ínfátà ní Kábà

Ínfátà màmá kan tó ń ta ẹja dídì nítòsí ọjà Kábà ló ń jó lemọ́lemọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ tún un ṣe ti pààrọ̀ IRF3205 inú rẹ̀, ìyẹn irú MOSFET kan tó ń ṣí iná tó sì ń pa á bíi súìṣì, síbẹ̀ wọ́n tún jó. Màmá ní, "Ọmọ mi, ẹja yìí ni gbogbo owó mi o."

Mo gbé IRF3205 tó kù nínú ọ̀rá ẹni náà síwájú ojúlówó tí mo tú lára bọ́ọ̀dù àtijọ́. Irin ẹ̀yìn àwọn tinú ọ̀rá fẹ́lẹ́, orí wọn sì ń dán bí ẹni kùn ún lọ́dà. Mo fi òwú tó ní acetone, oògùn tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, nù ún. Òwú dúdú, ojú ibi tí wọ́n ti ha orúkọ àtijọ́ kúrò sì yọ. (Ọ̀dà mìíràn kì í ṣí o, torí náà ẹ má fi mọ síbẹ̀.)

Ìdánwò ló kù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni MOSFET ní: iná ń gba drain wọlé, ó ń gba source jáde, gate ló sì ń ṣí ọ̀nà fún un. Mo so source mọ́ ẹsẹ̀ òdì bátìrì 12 fóltì, mo fún gate ní 12 fóltì kan náà, mo sì fi gílóòbù iná iwájú mọ́tò 55 wáàtì sáàárín ẹsẹ̀ rere bátìrì àti drain. Tí ojúlówó IRF3205 bá ṣí, ìdíwọ́ tó ń ṣe fún iná kì í ju 8 mílíọ́ọ̀mù lọ, torí náà fóltì láti drain sí source yẹ kó wà ní nǹkan bí 0.04. Ti ayédèrú ju 0.2 lọ, ó sì gbóná débi pé ọwọ́ ò gbà á. Irú èyí ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́! Ìwà ìkà gbáà ni.

Mo yọ gbogbo ayédèrú náà, mo dán ojúlówó wò níkọ̀ọ̀kan kí n tó fi òjé jó wọn mọ́ bọ́ọ̀dù. Fírísà màmá ń ṣiṣẹ́ báyìí.