Bí A Ṣe Ń Dá Ojúlówó Pósítà àti Rílì Fíìmù Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Àtijọ́ Mọ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣa fíìmù àtijọ́ jọ máa ń fojú fo Riot in Cell Block 11 tó jáde ní 1954. Ó dùn mí, torí inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Folsom ní California gan-an ni Don Siegel ti ya fíìmù náà, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà ibẹ̀ sì wà lára àwọn tí ẹ ó rí níbẹ̀. Walter Wanger tó gbé e jáde pàápàá ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Bí ẹ bá fẹ́ wá ohun ìrántí irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì sanwó. Ẹ yẹ etí rẹ̀ wò ná.

Ẹ kọ́kọ́ wọn pósítà náà. Èyí tí wọ́n sábà ń lẹ̀ mọ́ iwájú ilé sinimá ní Amẹ́ríkà nígbà náà jẹ́ íǹṣì 27 ní ìbú, 41 ní gígùn. Àtúntẹ̀ ìsinsìnyí sábà máa ń kéré sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà National Screen Service, tó ń pín pósítà fún àwọn ilé sinimá, sábà máa ń wà. 54 tó bá ṣíwájú ìlà wíwọ́ (/) ń tọ́ka sí ọdún 1954. Bí lẹ́tà R bá ṣíwájú ọdún, ìgbà tí wọ́n tún fíìmù náà gbé jáde ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ayédèrú, àmọ́ owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Ẹ yí i padà, kí ẹ wá ojú ìṣẹ́po. Wọ́n máa ń ṣẹ́ pósítà ìgbà náà po kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí náà ojú ìṣẹ́po kì í ṣe àbùkù. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìní ojú ìṣẹ́po kankan ni kí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó bá ya.

Tó bá jẹ́ rílì, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ká jọ, ni, ẹ ṣí agolo rẹ̀, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń run kíkan bíi fínígà, ó ti ń bàjẹ́. Ẹ yà á sọ́tọ̀, torí èéfín rẹ̀ lè ba ìyókù jẹ́. Ẹ ka etí fíìmù náà: SAFETY, ìyẹn irú fíìmù tí kì í tètè gbaná, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ NITRATE, irú èyí tó máa ń tètè gbaná, bí ó ti máa ń rí lára àwọn fíìmù ṣáájú 1950, ẹ má gbé e wọlé rárá. Bó bá gbaná, omi kò lè pa á. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú fíìmù àtijọ́ ni kí ẹ pè kí wọ́n wá gbé e.