Kí Dáìsì Má Gba Ìpinnu Lọ́wọ́ Òǹkàwé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ìwé ìtàn tí òǹkàwé ń fúnra rẹ̀ yan ọ̀nà, ilẹ̀kùn méjì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹni tó bá gba tòsì já sí kòtò, ìtàn parí. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó pa ìwé dé, ó ní, "Kí ni mo ṣe tí mo fi kú?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo fi ń yẹ gbogbo abala tí mo bá kọ wò títí di òní.

Kí o tó ní kí èèyàn yàn, fún un ní ohun tó máa rò. Jẹ́ kí atẹ́gùn tútù máa fẹ́ lábẹ́ ilẹ̀kùn kan, kí òórùn ẹranko máa jáde lábẹ́ èkejì. Kò dìgbà tó bá mọ ohun tó wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yìn ìpinnu ni kí dáìsì, ìyẹn ọmọ ayò olójú mẹ́fà tí òǹkàwé ń jù láti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i, ti wọlé. "O dé etí odò. Ju dáìsì; bó bá jẹ́ 1 tàbí 2, o rì." Kí ni òǹkàwé ṣe níbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí afárá bá wà tí ẹ̀ṣọ́ ti ń gba owó ibodè, tó wá yàn láti wẹ odò kọjá kó má baà sanwó, òun ló fẹ̀mí ara rẹ̀ wewu. Bó bá tilẹ̀ rì, kò ní bínú sí ọ.

Òfin oríire tí mo fẹ́ràn jù ni ti The Warlock of Firetop Mountain, ọ̀kan lára irú ìwé yìí, tí Steve Jackson àti Ian Livingstone kọ, tó jáde ní 1982. O máa ju dáìsì kan, o máa fi 6 kún un. Oríire rẹ nìyẹn. Bó o bá fẹ́ dán an wò, o máa ju méjì. Bí àpapọ̀ wọn kò bá ju oríire rẹ lọ, o yege. Ṣùgbọ́n bóo yege, bóo kùnà, oríire náà máa dín ní 1. Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà! Ẹni tó ní 9 máa yege nínú 30 lára ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà balẹ̀. Bó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta, tó ku 6, ó di 15 péré. Nígbà ìjà, ìwọ ló máa pinnu bóyá o fẹ́ ná an kí ọgbẹ́ ọ̀tá lè pọ̀ sí i. Oríire ti di owó àpò tí èèyàn ń ṣọ́ ná.

Bí dáìsì bá já òǹkàwé kulẹ̀, má tètè pa á. Gba iná ọwọ́ rẹ̀, kó máa táràrà lọ nínú òkùnkùn.

Lẹ́yìn náà, mú bébà ńlá kan, kí o fa ìlà láti abala dé abala. Níbi tí ọ̀nà méjì bá ti tún pàdé, wò ó bóyá ohun kan yàtọ̀ lára àwọn tó gbà á wá. Bí kò bá sí, tún un kọ: kí ẹni tó wẹ odò dé pẹ̀lú ìṣáná tó ti rin gbingbin, kí ẹni tó gba orí afárá dé pẹ̀lú àpò òfìfo.