Bí A Ṣe Ń Mú Ìwà Akọni Dàgbà Nínú Apá Kejì Fíìmù

Kí ẹ tó kọ ìran kankan fún apá kejì fíìmù akọni alágbára, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ìṣẹ́gun apá kìíní gbà lọ́wọ́ akọni náà, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtàn tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kàn ń wá ọ̀tá tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ ni, wọ́n á sì fi ìwà akọni sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ wo Spider-Man 2, tí Sam Raimi darí ní ọdún 2004. Iṣẹ́ gbígbé písà bọ́ lọ́wọ́ Peter Parker, ẹni tó ń jẹ́ Spider-Man gan-an, nítorí pé ó ń pẹ́ dé, wọn kò jẹ́ kó wọlé wo eré orí ìtàgé Mary Jane, ọmọbìnrin tó nífẹ̀ẹ́, agbára rẹ̀ pàápàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í já a kulẹ̀. Nígbà tó wá ju aṣọ akọni rẹ̀ sínú garawa ìdọ̀tí, tó kẹ̀yìn sí i, tó sì ń lọ, kò sí ìjà kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìran náà wúwo ju ìjà èyíkéyìí lọ. Ẹ jẹ́ kí irú àwọn àdánù kéékèèké bẹ́ẹ̀ ṣáájú ìpinnu ńlá.

Ní ti ọ̀tá, ẹ fún un ní ìṣòro tó jọ ti akọni: Otto Octavius, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó di ọ̀tá nínú fíìmù yẹn, náà ní àlá tí kò fẹ́ jọ̀wọ́. Ẹ má sì fi àkókò ṣòfò lórí ìpolówó apá kẹta.